Lọ Bá Ológbò Sọ̀rọ̀

Bí ìtìjú bá ń pa ẹran ọ̀sìn, ológbò Káfíńtà ì bá ti kú tipẹ́. Nítorí eku ni wọ́n ṣe mú un wọ ilé. Eku ti jẹ ìdí pákó nísàlẹ̀ níbi tí Káfíńtà ti ń ṣiṣẹ́, ó ti gòkè lọ jẹ etí kọ́tìnì tí Télọ̀, ìyàwó rẹ̀, ń rán fún oníbàárà. Káfíńtà wá lọ tọrọ ọmọ ológbò kan lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta pákó fún un, ó gbé e wálé nínú àpò ìṣó, ó ní wàhálà ti tán. Kò pẹ́ sígbà náà tí Télọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí eku kan tó gba iwájú ológbò yìí kọjá, tó dúró, tó tún fọwọ́ nu irun ẹnu rẹ̀. Ológbò wo eku. Eku wo ológbò. Ológbò la ẹnu gbàgà, ó yán, ó kọjú sí ògiri, ó sùn. Ká ní èèyàn ni, wọn ì bá ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìwà rẹ̀ yòókù ò ṣe é kà tán. Káfíńtà fi igi tó dára jù nínú àjẹkù igi rẹ̀ kan ibùsùn fún un. Ó fá igi náà, ó fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán, ó gbẹ́ òdòdó sí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bẹ́ẹ̀dì tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn lé, orí bíríkì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà láti ìgbà tí àbígbẹ̀yìn wọn ti kúrò nílé. Ológbò gbóòórùn ibùsùn tuntun, ó rìn yí i ká bí ẹni tó fẹ́ rà á, ó kúrò níbẹ̀, ó lọ sùn sínú bésìnì ìfọwọ́. Inú bésìnì yẹn ló sọ di ilé. Ẹni tó bá fẹ́ fọ ẹnu láàárọ̀, àfi kó kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹran.

Omi inú abọ́ ńkọ́? Kì í mu ún. Ó dìgbà tí èèyàn bá ṣí ẹ̀rọ omi díẹ̀, tó ń kán tó, tó, kó tó na ahọ́n sí i. Bí ẹ̀kán omi kan bá ṣèèṣì bà á lórí, á yíjú wo ẹni tó ṣí ẹ̀rọ bí ẹni pé onítọ̀hún ló tutọ́ sí i. Ẹja tó bá ti tutù, kò ní jẹ ẹ́. Èyí tó bá gbóná jù, á jókòó tì í, á máa wò ó tìkà-tẹ̀gbin títí yóò fi tutù, á sì tún kọ̀ ọ́ nítorí pé ó ti tutù.

Télọ̀ ló ń jìyà rẹ̀ jù. Bó bá tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, tó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, orí ìlà gan-an ni ológbò ń wá jókòó sí. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ìlà o. Bó bá lé e, á lọ síbi tí ìdì òwú tò sí lójú fèrèsé, á fi ọwọ́ kan ti ọ̀kan, á wò ó títí yóò fi bọ́ sílẹ̀, á wá gbójú sókè wo Télọ̀, á ti òmíràn. Bó bá bú u, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á bẹ̀rẹ̀ sí í lá a. Télọ̀ ti bú oníbàárà tó ní mọ́tò méjì, onítọ̀hún sì bẹ̀ ẹ́. Ológbò yìí nìkan ni ẹ̀dá tó ń bú tó ń fi ẹsẹ̀ dá a lóhùn.

Káfíńtà ló sọ ọ́ ní Sùúrù, gbogbo àdúgbò ló sì mọ ẹni tó ń fi orúkọ náà bá wí. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu bí abẹ, tó wá ń dúró lójú fèrèsé láràárọ̀ tó ń pariwo pé, "Sùúrù dà? Àbí Sùúrù ò sí nínú ilé yìí ni?", ẹran kọ́ ló ń pè. Télọ̀ náà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń sọ òkò ọ̀rọ̀ lù kó gbé e jẹ. Ó fún ológbò lórúkọ tirẹ̀. Bí Káfíńtà bá jẹun ọ̀sán tán, tó na ara gbalaja sórí àga, Télọ̀ á ké sí ológbò látìdí maṣíìnì, "Ajẹunsùn, ṣé a ti jí?" Ológbò kì í jẹ́ ọ̀kankan nínú orúkọ méjèèjì.

Ahọ́n àti eyín náà ń jà. Bí ọ̀rọ̀ ì bá ṣe mọ níbẹ̀ nìyẹn, bí kì í bá ṣe ti kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìyàwó adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló gbé iṣẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ fún Káfíńtà. Iṣẹ́ tó ń gbé èèyàn ga ni. Káfíńtà ṣe é bí ẹni ń tọ́ ọmọ, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ife kalẹ̀ nítòsí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí obìnrin náà wá wò ó, Télọ̀ gbé tíì sọ̀kalẹ̀ wá fún un. Ó gbọ́ bí obìnrin náà ti ń sọ pé kọ̀rọ̀ yàrá, lápá òsì, ni àwọn máa gbé e sí. Ó wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wo ibi tí wọ́n kan ilẹ̀kùn mọ́. Ẹnu rẹ̀ ò gbà fún un láti dákẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló wí, "tó bá jẹ́ kọ̀rọ̀ lápá òsì ni, ṣé ilẹ̀kùn yìí ò ṣí sódì báyìí? Ẹni tó bá fẹ́ mú aṣọ, àárín ògiri àti ilẹ̀kùn ló máa há sí."

Obìnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá tún ilẹ̀kùn ṣí, ó tì í, ó ṣí i, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀. Ó gbé tíì kalẹ̀ láìmu ún tán. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe kí òun tó rán ọkọ̀ wá gbé e. Kò bínú, kò pariwo, ó dágbére, ó lọ. Káfíńtà dúró sáàárín èérún pákó, etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n.

"Ẹnu nìkan ni wọ́n fún ìwọ obìnrin yìí," ló wí nígbà tí mọ́tò obìnrin náà ti lọ. "Ní ọjọ́ mìíràn tí ẹnu bá tún ń yún ẹ, lọ bá ológbò sọ̀rọ̀. Má bá èmi sọ ọ́ mọ́."

"Mo ti gbọ́," ni Télọ̀ wí.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Télọ̀ gbé oúnjẹ sórí tábìlì, ó kọjú sí bésìnì, ó ní, "Ajẹunsùn, sọ fún ọ̀gá ẹ pé oúnjẹ ti wà nílẹ̀." Káfíńtà rò pé àwàdà ni, ó jẹun rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ológbò ni wọ́n ní kó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé oníṣòwò ìṣó ń dúró dè é nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin náà ti rí i pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe àwàdà, ó wá gbé ìmú sókè, ó sì ṣe ohun tí òmùgọ̀ máa ń ṣe bí wọ́n bá na okùn sí i: ó dì í mú. Ó ní, "Sùúrù, sọ fún ìyá àwọn ọmọ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù."

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, tí odindi ọdún fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po. Òótọ́ ni Télọ̀ sọ lọ́jọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n òótọ́ náà ní ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́, òun náà sì mọ̀. Bí ó bá dúró kí oníbàárà lọ kó tó sọ ọ́, kí ni ì bá bàjẹ́? Àmọ́ ta ni yóò jẹ́wọ́ yẹn fún, ológbò?

Ká sọ tòótọ́, bíbá ológbò sọ̀rọ̀ ní adùn tirẹ̀. Télọ̀ ò pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ" rí láti ìgbà tó ti fẹ́ ẹ. Nísinsìnyí tó jẹ́ ẹran ni wọ́n ń dojú ọ̀rọ̀ kọ, àyè gbà á. "Ìwọ Ajẹunsùn yìí, irun imú ẹ ti fẹ́ máa bá mi jẹun o." Lọ́jọ́ kejì, irun imú Káfíńtà ti kúrò. Lóru, Káfíńtà náà á ní, "Sùúrù, kí ló dé tó o fi ń hanrun bí ẹni ń lagi?" Télọ̀ á pòṣé, á yí ẹ̀yìn padà nínú òkùnkùn. Ológbò tí wọ́n ń torí rẹ̀ sọ gbogbo èyí, inú bésìnì ló wà, kò ṣí ojú kan.

Àmọ́ wèrè ni, kò sì sí orúkọ mìíràn tá a lè pè é. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Télọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ oníbàárà, ó jáde lọ fa kọ́tìnì kan kúrò lórí okùn. Káfíńtà gòkè wá mumi, ó rí èéfín. Ẹni tórí ẹ̀ bá pé, á gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, tàbí kó kígbe. Káfíńtà sáré lọ síbi bésìnì. Ológbò ò sí níbẹ̀. Ó wò abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó bá a lórí àpótí, ó gbá a mú lábẹ́ apá, ó gbé e jáde lọ bá Télọ̀, èémí ò délẹ̀, ó ní, "Sùúrù, sọ fún un pé áyọ́ọ̀nù ń jó aṣọ." Nígbà tí wọ́n fi padà wọlé, ihò ara aṣọ náà ti gba àtẹ́lẹwọ́. Télọ̀ bú ológbò títí di ìrọ̀lẹ́. Ó pè é ní ẹran tí kò ní ọpọlọ, ó pè é ní agọ̀, ó ní wọ́n bí i sínú èérún pákó, èérún pákó ló sì kún orí rẹ̀. Káfíńtà jókòó, ó ń gbọ́ ọ, kò lè fèsì, nítorí pé ológbò ni wọ́n ń bú.

Nígbà tó yá ni ẹ̀gbọ́n Télọ̀ pè é lórí fóònù. Ìlú míì ni ẹ̀gbọ́n obìnrin yìí wà, iṣẹ́ aṣọ kan náà ni òun náà ń ṣe, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú, kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́.

"Máa bọ̀ wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yìí," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Yàrá wà. Iṣẹ́ wà. Ta lò ń dúró tì níbẹ̀ yẹn? Ọkùnrin tó ní kó o lọ máa bá ológbò sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n rò ó."

"Kí lò ń rò? Ṣé kó o lọ bi ológbò ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Télọ̀ wọra. Ó ní òun á wá lọ́jọ́ Sátidé.

Ó ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì. Lẹ́yìn náà ló wá mú àlùmọ́gàjí rẹ̀ lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọwọ́ obìnrin tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló ti gba àlùmọ́gàjí yẹn. Kò fi gé bébà rí, kò yá ẹnikẹ́ni rí, ilé tó bá sì wà ni ilé Télọ̀. Ó fi aṣọ wé e, ó tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì. Nígbà tó rí ìṣó náà lófìfo lára ògiri, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì oníbíríkì, ó sì sunkún díẹ̀. Kò fẹ́ lọ. Ohun tó fẹ́ ni kí ọkùnrin yẹn la ẹnu rẹ̀, kó kọjú sí i, kó ní kó má lọ. Ìyẹn nìkan. Ẹnu tó fi lé e lọ sọ́dọ̀ ológbò, ẹnu yẹn náà ni kó fi pè é padà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ. Ológbò wà lórí àga kẹta, ẹ̀yìn ló kọ sí àwọn méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Ajẹunsùn," ni Télọ̀ wí, "sọ fún ọ̀gá ẹ pé mò ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti di ẹrù. Sọ fún un pé mi ò mọ̀ bóyá n ó padà."

Káfíńtà gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó nu ẹnu. Ó wo ológbò, Télọ̀ sì rí i pé ọ̀rọ̀ kan ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. "Sùúrù," ló wí, "sọ fún un pé..."

Ológbò dìde. Ó na ara láti orí dé ìrù, ó fò sójú fèrèsé, ó ti ìdì òwú kan sílẹ̀ ná, ó bọ́ sórí òrùlé aládùúgbò, ó lọ.

Káfíńtà pa ẹnu dé.

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ìyàwó rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ tí ó lè na ọwọ́ kàn án, ó wá ń wo fèrèsé, ó ń dúró de ẹran kó padà wá gba iṣẹ́ tó fẹ́ rán an. Télọ̀ wo ọkùnrin yìí. Ó wò ó láti irun dé bàtà. Ó rántí bó ṣe ń kọrin nígbà tó ń fẹ́ ẹ sọ́nà, bó ṣe lè sọ̀rọ̀ láti ibi ìdúró ọkọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ilé bàbá òun láìmí. Ó yínmú. Ó kó abọ́.

Ológbò ò sùn sílé lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́rú, ilé dákẹ́. Télọ̀ kò mọ̀ pé ìdákẹ́ tún ju ìdákẹ́ lọ àfi ìgbà yẹn. Tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ń bá ara wọn jà gba orí ẹran ni. Nísinsìnyí, oúnjẹ wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́. Aṣọ Káfíńtà ya lẹ́yìn, Télọ̀ rí i, ó dákẹ́. Káfíńtà bá ọ̀kan nínú ìdì òwú rẹ̀ lábẹ́ àga, ó gbé e sórí tábìlì, ó sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ológbò. Àgbàlagbà tó ní ewú lórí gbé agolo ẹja lọ́wọ́, ó ń lọ láti ẹsẹ̀ ilé dé ẹsẹ̀ ilé, ó ń wo abẹ́ mọ́tò, ó ń kígbe, "Sùúrù! Sùúrù o!" Mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kan na orí jáde, ó ní, "Bàbá, gbogbo wa là ń wá a." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Télọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ látìdí maṣíìnì, ìtìjú sì mú un débi pé abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń lọ, ológbò ló ń wá. Ká ní òun lòun sọnù, ṣé á gbé agolo ẹja? Lọ́jọ́bọ̀, ó tún jáde lọ. Ó pẹ́ kó tó dé, agolo rẹ̀ ti ṣófo, kò sì sí ológbò lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Télọ̀ lọ kó aṣọ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Bó ti ń padà bọ̀, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà ní oríta. Ó kàn wo inú gíláàsì gba ibẹ̀ kọjá ni. Ológbò wà nínú bésìnì tí wọ́n fi ń fọ orí oníbàárà. Ó ká jọ síbẹ̀, ó gbé àgbọ̀n lé etí bésìnì, ó tiẹ̀ ti sanra díẹ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà," ni onígbàjámọ̀ wí, ó ń gé irun oníbàárà kan lọ́wọ́. "Ẹ ṣáà rí nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ fọ orí, mo ti ń sọ fún un pé kó fọ̀ ọ́ wá látilé. Ṣé kí n bá yín gbé e?"

Télọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá gbé ẹran yìí délé báyìí, ó mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Káfíńtà á rí i, á mí kanlẹ̀, á jókòó, á parí ọ̀rọ̀ tó gé sílẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ lè jẹ́ èyí tó ń fẹ́ gbọ́. Àmọ́ ológbò ni yóò sọ ọ́ fún. Ó wo ológbò. Ológbò la ojú kan, ó wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó kan ilẹ̀kùn ilé onílé, ó pa á dé.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni Télọ̀ wí. "Kì í ṣe tiwa."

Onígbàjámọ̀ ya ẹnu. "Ìyẹn náà ni..." ló bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Télọ̀ ti kọjá lọ. Kò rí ìdí tí òun fi máa gbé ẹran káàkiri kí ọkọ òun tó lè ní ẹnu. Ẹni tó bá fẹ́ dákẹ́ títí, kó dákẹ́. Ọkọ̀ á gbéra láàárọ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́. Télọ̀ wẹ̀, ó wọṣọ, ó gbé báàgì sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó padà sínú yàrá láti mú bàtà, ó bá Káfíńtà lórí ìjókòó. Ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó máa ń wọ̀ jáde, ó sì kọjú sí ibùsùn òdòdó tí ológbò ò sùn lé rí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ọmọ tí wọ́n pè wá rojọ́.

"Sọ fún un," ló wí sí ibùsùn òfìfo náà, "sọ fún un pé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, òdì ni mo kàn án sí. Mo ti mọ̀ kó tó sọ ọ́. Mo rò pé obìnrin yẹn ò ní rí i."

Télọ̀ di bàtà mú. Ó wo ibùsùn, ó wo ọkùnrin tó ń bá pákó sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ tí kò gbà fún un rí, kò gbà fún un lọ́jọ́ yẹn náà.

"Ológbò ò sí nílé," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Ta wá lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Káfíńtà yíjú. Ó ti pẹ́ tí Télọ̀ ti rí ojú yẹn tó kọjú sí i tààrà, ó sì yà á lẹ́nu pé ó ti darúgbó tó bẹ́ẹ̀. "Ìwọ ni," ló wí. "Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, má lọ kó o má padà."

Télọ̀ jókòó. Inú bí i, inú rẹ̀ dùn, kò mọ èwo ló kọ́kọ́ dé. "Ó wà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀," ló wí nígbà tó rí ẹnu. "Inú bésìnì. Mo rí i lánàá."

"Mo ti rí i láti ọjọ́rú."

"Ẹ ti rí i? Ẹ sì tún gbé agolo jáde lọ́jọ́bọ̀?"

"Mo gbé ẹja lọ fún un ni." Káfíńtà wo ilẹ̀. "Onígbàjámọ̀ ní kí n gbé e, mo ní kì í ṣe tiwa. Kí ni n ó gbé e wálé ṣe? Bí mo bá gbé e wálé, òun ni n ó tún máa bá sọ̀rọ̀. Mo rò pé bí kò bá sí nílé, n ó lè sọ ọ́. Mo sì ń gbìyànjú ẹ̀ láti ọjọ́rú. Kò rọrùn."

Télọ̀ pòṣé. Ó pòṣé gígùn kan tó ti wà níkùn rẹ̀ láti ọjọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. "Odindi káfíńtà," ló wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kan ilẹ̀kùn fún èèyàn. Ẹnu ara yín, ẹ ò lè ṣí i." Káfíńtà gbà bẹ́ẹ̀. Télọ̀ tún bú u díẹ̀ sí i, lójúkojú, pẹ̀lú "ẹ" tó yẹ kí wọ́n fi bú ọkọ ẹni, ọkùnrin náà sì jókòó, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n ń fi omi tútù wẹ̀ lójú oòrùn.

Lẹ́yìn náà, Télọ̀ lọ sídìí báàgì. Ó tú aṣọ, ó mú àlùmọ́gàjí jáde, ó tú aṣọ tó fi wé e, ó fi í kọ́ padà sórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Káfíńtà rí i. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò ríran," ni Télọ̀ wí, "mo sì ti ṣèlérí. N ó lọ bá a wá ẹni tó máa jókòó tì í. Àlùmọ́gàjí tirẹ̀ ni n ó máa lò. Kí n tó dé, ẹ yọ bíríkì yẹn kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Káfíńtà gbé báàgì, wọ́n jáde. Láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi ìdúró ọkọ̀, ẹnu wọn ò dákẹ́. Télọ̀ sọ ti aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó. Káfíńtà sọ pé kì í ṣe níwájú oníbàárà ló yẹ kó ti sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, Télọ̀ sì gbà pé kò yẹ, ó ní bí wọ́n bá tún kan òmíràn sódì, inú ilé lòun á ti sọ ọ́. Wọ́n gba iwájú onígbàjámọ̀ kọjá. Ológbò wà lẹ́yìn gíláàsì, ó rí àwọn méjèèjì, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò dúró.

Ọkọ̀ ti ń kún. Télọ̀ wọlé, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Káfíńtà dúró nísàlẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún padà di odi. Télọ̀ ti ń múra àtibínú nígbà tí ọkọ̀ gbéra. Ọkùnrin náà wá sáré tẹ̀ lé e, ó lu ara ọkọ̀, ó sì fi gbogbo agbára ọ̀fun rẹ̀ kígbe níwájú èrò, níwájú dírẹ́bà, níwájú gbogbo ẹni tó wà níbi ìdúró ọkọ̀ yẹn, "Ìyàwó mi, tètè padà o! Mi ò lè dá gbé ilé yẹn!"

Èrò yíjú, wọ́n ń wo Télọ̀. Ojú tì í.

"Ẹ má pariwo mọ́," ló wí fún un láti ojú fèrèsé. "Mo ti gbọ́."